Àga Tó Wà Nínú Ọ̀rá

Àga náà lo oṣù mẹ́rin nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e. Kì í ṣe pé wọn kò rí ẹni tó fẹ́ jókòó. Onígbàjámọ̀ tó ni ilé máa ń dúró gẹ irun látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ fún ará àdúgbò, ọmọ mẹ́ta sì wà nílẹ̀ tí kì í dìgbà tó bá rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó jókòó. Ṣùgbọ́n àga onítìmùtìmù tuntun, aláwọ̀ ewé, tí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù ṣì ń dán lára rẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń da ìdí lé bí àpótí. Àlejò ni wọ́n rà á dè.

Onígbàjámọ̀ ti ṣòfin pé Ìyá òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó lé e. Ìyá ti dàgbà, orúnkún rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú ilé tó ń dá gbé, gbogbo ẹbí sì ti fẹnu kò pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá ń sún ọjọ́ síwájú. Lónìí, ata rẹ̀ ló fẹ́ já. Lọ́la, adìẹ rẹ̀ ló ń sàba. Àga ń dúró dè é. Àwọn ọmọ ń jókòó sórí ẹní, wọ́n ń wo àga. Ìyàwó ń jókòó sórí àpótí, òun náà ń wo àga, bẹ́ẹ̀ owó tó fi ọdún kan tù jọ nídìí aṣọ aláṣọ ni wọ́n fi rà á. Lálaalẹ́, ọkọ rẹ̀ á fi aṣọ tútù nu ọ̀rá náà, á sì kìlọ̀ fún eruku.

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Èmi tí mò ń ròyìn yìí, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n mi ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá a wá, mi ò sì rí nọ́ńbà ara rẹ̀ kà mọ́. Gbogbo wa là ń tọ́jú nǹkan fún àlejò tí kò tíì gbéra.

Níkẹyìn, Ìyá dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú báàgì kan àti ọ̀pá rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù nítorí tíṣà kan tó fẹ́ gẹ irun kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó gbé ìrẹsì kaná, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ó sì fà á lọ́wọ́ lọ síbi àga.

"Ẹ jókòó, Ìyá. Ẹ̀yin la rà á dè."

Ìyá wo àga, ó wo ọ̀rá. "Ṣé kò ní yọ̀ mí ṣubú báyìí?"

"Rárá o, Ìyá. Àga gidi ni."

Ìyá yí ìdí padà, ó rọra jókòó. Àga gidi náà dún gbàgà! Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan yọ síta, àárín rẹ̀ wọlé, Ìyá sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lókè.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìyá wo ẹ̀yìn. Ohun tó rí nínú ikùn àga kì í ṣe pákó líle tí ẹni tó tà á fi búra. Páálí ni. Wọ́n ká a ní ìlọ́po-ìlọ́po, wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ pákó jẹ́gẹjẹ̀gẹ kan. Ìyàwó tẹjú mọ́ àwòrán tó wà lára páálí náà: ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín láàárín ìfófòó ọṣẹ.

"Yéè! Ọṣẹ tí mo fi ń fọṣọ!"

"Ọṣẹ?" ni Ìyá wí láti ilẹ̀. "Ìyàwó, ṣé ẹ fẹ́ fọ̀ mí ni?"

Ìyá kò ṣèṣe ju pé ìbàdí rẹ̀ ń ta á, ṣùgbọ́n dídìde ló di iṣẹ́ ńlá. "Yéè" yẹn sì ti kọjá ògiri. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Rédíò nítorí pé kò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á, ti wọlé kí wọ́n tó pè é. Òun àti ìyàwó gbé Ìyá sórí ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni Rédíò tún ìró rẹ̀ ró, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

"Bàbá Onígbàjámọ̀! Ẹ sáré o! Àga yín ti gbé Ìyá mì!"

Ìdajì orí tíṣà ni onígbàjámọ̀ ti gẹ̀. Apá ọ̀tún ń dán, apá òsì ṣì dí bí igbó. Kò dúró gbọ́ àlàyé, ó ki ẹ̀rọ ìgẹrun bọ àpò, ó sáré. Tíṣà sáré tẹ̀ lé e, aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá! Orí mi ńkọ́? Mo ní kíláàsì!"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di orí yẹn mú ná!"

Nígbà tí onígbàjámọ̀ wọlé tó gbọ́ pé Ìyá ń sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tó rí àga, ọkàn rẹ̀ tún gbéra. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ọ̀rá.

"Mo sọ fún yín," ni ìyàwó bẹ̀rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, mo ní ẹ jẹ́ ká jókòó lé e ká fi mọ̀ bóyá ó dára. Kí lẹ sọ?"

Onígbàjámọ̀ ń ti ẹsẹ̀ àga tó yọ padà sáyè rẹ̀.

"Ẹ ní omi ọṣẹ wà nídìí mi."

Rédíò, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fọwọ́ bo ẹnu. Etí rẹ̀ gan-an ló yẹ kó bò.

"Ìyá wọn, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Ọ̀rọ̀ àná kọ́, ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin ni. Ẹ̀yìn ń ro mí, mo ń wo àga bí ẹni ń wo fọ́tò. Owó mi ni o! Ọwọ́ mi yìí tí ọṣẹ ti jẹ, ẹ wò ó. Mo fọ aṣọ títí, mo wá lọ fi owó aṣọ ra páálí ọṣẹ."

Òórùn ìrẹsì tó ń jó wọ yàrá. Kò sẹ́ni tó mira.

"Ìrẹsì yín ń jó o," ni Rédíò wí.

"Ẹ jẹ́ kó jó!"

Ìyá sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́. Orúnkún mi kò gba ẹní, kò gba àpótí. Bí mo bá jókòó nílẹ̀, ẹni méjì ni yóò gbé mi dìde. Bí kò bá sí àga tó lè gbà mí níbí, ẹ jẹ́ kí n padà sílé mi lọ́la, kí n má di ẹrù sí yín lọ́rùn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dun ọmọ rẹ̀. Ilé wo ló ń padà sí? Ilé tó ti ṣubú láàárọ̀ tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ni aládùúgbò tó rí i. Owó mìíràn kò sì sí tí wọ́n á fi ra àga. Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá: bí owó àga kò bá padà wá, Ìyá ni yóò padà lọ.

Tíṣà wúkọ́ díẹ̀ lẹ́yìn wọn. "Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Òfin wà fún un. Ọjà tó bá ti bàjẹ́ nínú kó tó kúrò lọ́wọ́ ọlọ́jà, ọlọ́jà ló ni ẹ̀bi. Kó tún un ṣe, kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó dá owó padà."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro kéèyàn tẹjú mọ́ ọn kó má wo orí rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ lọ fa rìsíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lókè, lẹ́tà ńlá: A FỌWỌ́ SỌ̀YÀ FÚN OṢÙ MẸ́TA. Nísàlẹ̀, lẹ́tà tó rí bí ẹsẹ̀ èèrà: Owó tó bá ti wọlé kì í jáde.

"Oṣù mẹ́ta ti kọjá," ó wí. "Ibi tí mo ti ń nu ọ̀rá ló kọjá sí. Èmi fúnra mi ni mo bá ọlọ́jà ṣọ́ àga rẹ̀ títí ọjọ́ fi pé." Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìyàwó kò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí wọ́n kọ sínú rìsíìtì kò lè pa òfin rẹ́," ni tíṣà tún wí.

Wọ́n sọ ìrẹsì kalẹ̀, wọ́n yá ọmọlanke, wọ́n gbé àga sí i. Onígbàjámọ̀ ní kí Ìyá sinmi. Ìyá ní, "Èmi ni mo ṣubú, èmi ni mo máa rojọ́." Wọ́n fi ìrọ̀rí tẹ́ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ọmọlanke, ó fẹ̀yìn ti àga tó gbé e ṣubú, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú bí aláṣẹ. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni onígbàjámọ̀ gbé wọn gbà. Gbogbo ẹni tó ń gẹ irun lọ́dọ̀ rẹ̀ wà lójú títì, kò sì sí orí kan tó bọ́ sí i lọ́wọ́ láti oṣù mẹ́rin tí kò tíì gbọ́ ìròyìn àga náà, pákó rẹ̀, ìtura rẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé ọmọ-ọmọ yóò jókòó lé e. Ó ti polówó ọjà fún ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ, ọ̀fẹ́ ló sì ṣe é.

Ṣọ́ọ̀bù náà gùn, ó fẹ̀, àga kún inú rẹ̀, gbogbo wọn nínú ọ̀rá. Ẹni tó ni ín, ọkùnrin abikùn tí wọ́n ń pè ní Alága nítorí ọjà tó ń tà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé láàárín gbogbo tìmùtìmù wọ̀nyẹn, àga onírin ni ọkùnrin náà fi ṣe ibùjókòó ara rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, oníbàárà mi àtàtà!" Alága rí ọmọlanke. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀. "Kí ló ṣe é?"

"Ìyá wa jókòó lé e, ó ṣẹ́," ni onígbàjámọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò jù ti ẹni tó wá yáwó.

"Ìgbà wo lẹ rà á?"

"Oṣù mẹ́rin."

"Háà. Ẹ wo ìwé yín."

"A kò jókòó lé e rí, Ọ̀gá. Ẹ wò ó, ọ̀rá rẹ̀ nìyí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má jókòó? Àga tí wọn kì í jókòó lé, pákó rẹ̀ á sùn."

"Páálí kì í sùn," ni ìyàwó wí.

Alága ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wo Ìyá láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyá náà ńkọ́? Ẹ ò rí i pé ara wà níbẹ̀?"

"Èmi?" Ìyá na apá rẹ̀ tó tín-ín-rín síta. "Afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lánàá, ọ̀pá yìí ni mo dì mú kó má baà gbé mi lọ."

Tíṣà bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to òfin lẹ́sẹẹsẹ. Ó sọ ọ́ dáadáa, bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Alága tẹ orí sí ọ̀tún, ó wò ó. Ó tẹ orí sí òsì, ó wò ó.

"Apá wo ló ń sọ̀rọ̀, èyí tó nírun ni àbí èyí tó pá? Ẹ lọ gẹ irun yín tán kẹ́ ẹ tó wá fi òfin dẹ́rù bà mí."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni òfin ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì di ẹni yẹ̀yẹ́.

Alága wá gbọ́wọ́ lé onígbàjámọ̀ léjìká, ó fà á lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀gá, èèyàn iyì ni yín. Gbogbo ẹni tó jẹ́ nǹkan ní àdúgbò yìí, ọwọ́ yín ni orí wọn wà. Ṣé ó dáa kí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ta páálí fún ẹ̀yin? Ẹ gbé e lọ sílé ní jẹ́jẹ́. Ẹ wá owó díẹ̀ wá, màá bá yín kàn án. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àtẹ̀yin."

Ẹ wo bí ayé ṣe rí: díẹ̀ ló kù kí onígbàjámọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣé" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ohun tí òun náà ń wá láti àárọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ mọ̀ wá. Kì í ṣe àga nìkan ló ń tà, ó ń jẹ èrè lórí ojú tó ń tì wá.

Nígbà tó jáde, ìyàwó wo ojú rẹ̀, ó mọ̀.

"Ó ní ká mú owó àtúnṣe wá."

"Ẹ sì dákẹ́?"

Ìyá ń wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. "Àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpìlẹ̀ orí burúkú," ó wí.

Tíṣà ló wá fọ̀hùn. "Ọ̀gá, kíláàsì mi ti lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi orí yìí rìn padà. Ẹ gẹ ìyókù níbí."

"Níbí? Lójú gbogbo ayé?"

"Ojú gbogbo ayé kọ́ ni mo ti ń rìn látàárọ̀?"

Wọ́n gbé àga tó ṣẹ́ sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì le díẹ̀. Tíṣà rọra gun ún, ó tún aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ ṣe. Onígbàjámọ̀ fa ẹ̀rọ yọ lápò, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún. Ohun tí Alága kò mọ̀ ni pé bọ́tìnì kan náà ló ń tan ẹ̀rọ yẹn àti ẹnu ẹni tó dì í mú. Ọkùnrin náà kò gẹ irun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rí láti ìgbà tó ti kọ́ṣẹ́.

"Ọ̀gá, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígboro?" ni tíṣà bi í, gẹ́gẹ́ bí gbogbo oníbàárà ṣe máa ń bi í.

Ìtàn ẹlòmíràn ni onígbàjámọ̀ máa ń fi dáhùn. Ó wá ìtàn ẹlòmíràn nínú ara rẹ̀, kò rí. Ó mí kanlẹ̀.

"Ọkùnrin òmùgọ̀ kan ló wà ní àdúgbò wa," ó bẹ̀rẹ̀. "Ó ra àga, ó fi í sínú ọ̀rá. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìn ń ro òun. Ó ní kó máa wo àga, pé ẹni tó bá ń wo àga, ẹ̀yìn rẹ̀ á san."

Ẹni méjì tó ń kọjá dúró. Orí tí wọ́n gẹ̀ dé ìdajì lójú títì, ta ni kò ní dúró wò ó?

"Kó tó sùn lálẹ́, á bu omi, á mú aṣọ, á nu àga. Á ní, eruku, má débí o, Ìyá mi ń bọ̀! Oṣù mẹ́rin! Àṣé páálí ọṣẹ ló ń nù. Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán! Kò sí páálí tó mọ́ tó o láyé."

Ẹ̀rín sọ. Èrò ń pọ̀ sí i. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń ná bẹ́ẹ̀dì jáde wá gbọ́.

"Ta lọkùnrin yẹn?" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó jọ pé yóò dá orúkọ kan sílẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi nìyí, àga náà nìyí. Ìyá mi tó gbé ṣánlẹ̀ ló jókòó sórí ọmọlanke yẹn. Ibí yìí ni mo ti rà á." Ó tan ẹ̀rọ padà. "Tíṣà ní òfin wà tó lè gbà mí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àga mi ni òfin yẹn ṣe rí: inú ọ̀rá ló wà, a kò jókòó lé e rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dún bíi ti àkọ́kọ́. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sún síwájú. "Kọ́bọ́ọ̀dù tí mo rà níbí, kò pé oṣù méjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ já. Mo fi kọ́tìnnì bò ó. Mo rò pé èmi nìkan ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni onígbàjámọ̀ wí.

Ọkùnrin tó ń ná bẹ́ẹ̀dì ki owó rẹ̀ padà sápò. Ìyẹn ni Alága rí tó fi sáré jáde.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé ká sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀."

"Orí wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ gba owó yín, gbogbo rẹ̀ ló pé, ẹ gbà." Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo owó náà bí ẹni tó jí i.

"Tèmi kọ́. Ìyàwó mi lẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ dá a padà fún."

Ìyàwó na ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ, ó gba owó rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Kò dúpẹ́. Obìnrin tó pọn ọmọ náà na ọwọ́. "Tèmi ńkọ́?"

"Ẹ padà wá lọ́la."

Ìyá gbé ọ̀pá sókè díẹ̀. "Ọmọ mi, má lọ. Ẹ dákun, ẹ gbé àga onírin yẹn wá fún un. Ó pọnmọ, kò lè dúró. Yóò jókòó dúró de tiẹ̀."

Òṣìṣẹ́ kan tó ti fi tíṣà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló gbé àga onírin náà jáde, kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí onígbàjámọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi máa kúrò níbẹ̀, obìnrin náà ṣì jókòó, ẹni mẹ́ta sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà lọ sílé pẹ̀lú odindi orí.

Ní ìrọ̀lẹ́, onígbàjámọ̀ gbé àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wálé, èyí tí gbogbo ayé ti ń jókòó lé láti ọjọ́ pípẹ́ wá, títí wọ́n á fi rí òmíràn rà. Ìyá jókòó sínú rẹ̀, ó jẹ ìrẹsì òkè ìkòkò. Onígbàjámọ̀ ní kí wọ́n bu èyí tó jó fún òun, pé ohun tí òun dáná sí nìyẹn. Rédíò gbọ́ ìyẹn láti ẹ̀yìn ògiri, ó rẹ́rìn-ín síta.

Nígbà tí Ìyá jẹun tán, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Ìyàwó, ó yá. Wá jókòó."

"Ìyá, ẹ jókòó ara yín. Àpótí tó mi."

"Mo ní wá jókòó. Èmi fẹ́ lọ na ẹ̀yìn."

Ìyàwó nu ọwọ́ lára aṣọ. Omi ìfọṣọ ṣì wà létí ìró rẹ̀. Ó wo àga, ó wo ìró rẹ̀, ó yípo, ó sì mú ọ̀rá tí wọ́n bọ́ lára àga tó ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Alága tí wọ́n sì mú wálé, tó ti ká jọ sí igun yàrá. Ó fẹ́ tẹ́ ẹ sórí àga kó tó jókòó.

Onígbàjámọ̀ gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá jókòó. Ó fi ẹ̀yìn ti àga díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí bóyá yóò dún. Kò dún.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí gan-an," ó wí.

"Mo mọ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, kò sì rí àwàdà kankan fi kún un.